Kí ni shortlet ń ṣe fún owó ilé wa l'Ékòó?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Yaba pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù ti fún un ní kúìtì, ó ní òun fẹ́ tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n fúláàtì tó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ yẹn gbà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, shortlet ló dà: ilé tí wọ́n ń háyà fún àlejò ní alẹ́ kan, alẹ́ méjì. Ó da ìbéèrè bò mí. Mo kọ wọ́n síbí pẹ̀lú ìdáhùn mi, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dùn.

Ẹ̀gbọ́n, mo ń san owó mi déédéé. Kí ló dé tí lánlọ́ọ̀dù á fi lé mi, kó wá máa wọ̀nà fún àlejò tí kò dá a lójú?

Owó ni, àbúrò mi. Jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ká sọ pé fúláàtì oníyàrá méjì ń mú mílíọ̀nù 3 náírà wá lọ́dún. Tó bá di shortlet ní 80,000 náírà lálẹ́, tí àlejò sì sùn níbẹ̀ fún alẹ́ mẹ́wàá péré lóṣù, 800,000 nìyẹn lóṣù, mílíọ̀nù 9.6 lọ́dún. Yọ owó dísù, owó íńtánẹ́ẹ̀tì, owó ẹni tó ń fọ bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì, owó tí Airbnb àti irú wọn, àwọn ìkànnì tí àlejò ti ń háyà ilé, ń gé. Bí ìdajì bá tilẹ̀ bá ìnáwó lọ, mílíọ̀nù 4.8 ló ṣẹ́ kù sí onílé lọ́wọ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwa ayálégbé kì í fẹ́ gbọ́. Àwọn onílé kan ti jìyà lọ́wọ́ wa. Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, ní kí onílé fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní oṣù mẹ́fà kó tó lè gba ilé, àfi bí àdéhùn wọn bá sọ ohun mìíràn. Bí oṣù mẹ́fà bá pé tí ẹni náà ò lọ, ó di ilé ẹjọ́, ẹjọ́ sì lè gba ọdún mélòó kan. Àlejò alẹ́ mẹ́ta ò ní wàhálà yẹn nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, á ti máa wọ́ báàgì onítáyà rẹ̀ jáde.

Àwọn wo gan-an ni àlejò yìí?

Ní Disẹ́ńbà, àwọn èèyàn wa tó ti London, Houston àti Toronto dé ni, tí wọ́n wá jẹ ìgbéyàwó, tí wọ́n wá ṣe fàájì tí gbogbo ayé ń pè ní Detty December. Láàárín ọdún, oníṣòwò láti Àbújá ni, tọkọtaya tó fẹ́ sinmi, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí.

Èmi náà ti sùn nínú ọ̀kan rí nígbà tí a ń sin ìyá ọ̀rẹ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí kékeré lẹ́nu ọ̀nà: o tẹ nọ́ńbà, ó ṣí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà lára ògiri, ibi tí ọ̀dà tuntun ò kàn, mo rí àmì ṣọ́ọ̀kì tí àwọn tó ń tọ́ òògùn rọpárọsẹ̀ sí ọmọdé lẹ́nu máa ń kọ síbi tí ọmọ bá wà. Ọmọdé ti gbé ilé náà rí. Àmì yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi sùn.

Ṣé àwọn àjèjì ló ń ra ilé wọ̀nyí mọ́ wa lọ́wọ́?

Ní ìlú mìíràn, ilé-iṣẹ́ ńláńlá wà nínú ẹ̀. L'Ékòó, ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ wa ni: bùrọ́dá tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Manchester, àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas. Owó tí wọ́n ń gbà ló sọ wọ́n di olówó ìta. Kó tó di oṣù Kẹfà 2023 tí báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan jẹ́ bíi 460 náírà ní owó ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tó ní 100,000 dọ́là, mílíọ̀nù 46 tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di mílíọ̀nù 150, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan lé e. Owó oṣù tíṣà ní Yaba ò di ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn méjèèjì sì jọ ń ná ilé kan náà.

Mi ò bá wọn wí. Ọ̀pọ̀ wọn ti fowó ránṣẹ́ rí pé kí mọ̀lẹ́bí bá àwọn kọ́lé. Wọ́n délé, koríko ni wọ́n bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra fúláàtì tí wọ́n ti kọ́ tán. Wọ́n fẹ́ ríbi sùn ní Disẹ́ńbà, kí ilé sì máa pawó ní oṣù mọ́kànlá tó kù. Shortlet ló fún wọn ní méjèèjì, torí o ò lè sọ fún ayálégbé ọdọọdún pé kó kó jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí Kérésì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lókè òkun, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá ní fúláàtì mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé Èkó. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín níwèé, ẹni tó máa tọ́jú ìyá yín ní ọsibítù, àwọn náà gbọ́dọ̀ ríbi forí pamọ́ sí.

Bí ilé kan ò bá tilẹ̀ di shortlet, kí ló dé tí owó ẹ̀ náà ń gòkè?

Bí àdúgbò bá ní ogójì fúláàtì, tí mẹ́fà di ti àlejò, àwọn tí ì bá gbé mẹ́fà yẹn á wá du mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kù. Éjẹ́ǹtì á mọ̀ kí onílé tó mọ̀. Lẹ́yìn náà, lánlọ́ọ̀dù á bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, iye tí tọ̀hún ń gbà á sì di iye tí òun náà rò pé ó tọ́ sí òun.

Ẹni tí Yaba lé á lọ sí Bàrígà, ti Bàrígà á lọ sí Ìkòròdú, àwọn kan á bá ọ̀nà já sí Mọ́wé ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àlejò Disẹ́ńbà ò ní dé Mọ́wé láé, síbẹ̀ owó ilé ibẹ̀ á gòkè. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì kó, wọ́n á tún san àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n.

Tí ìjọba bá fòfin de shortlet, ṣé owó ilé á wálẹ̀?

Òun nìkan ò ní tó. Sìmẹ́ǹtì ti wọ́n, ilẹ̀ ti wọ́n, ìwé ilẹ̀ ń fìyà jẹ èèyàn, ojoojúmọ́ sì ni èèyàn ń wọ Èkó. Ní New York, láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò tí kò ní pé ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú, kó máa gbé ilé náà pẹ̀lú àlejò, kí àlejò má ju méjì lọ. Ọ̀pọ̀ ilé kúrò lórí Airbnb, ṣùgbọ́n owó ilé ò tíì wálẹ̀ ní New York. Ní Barcelona, olórí ìlú Jaume Collboni kéde ní oṣù Kẹfà 2024 pé àwọn ò ní tún ìwé àṣẹ fúláàtì arìnrìn-àjò 10,101 ṣe mọ́, kí gbogbo wọn lè kásẹ̀ nílẹ̀ tó bá fi di oṣù Kọkànlá 2028.

Ohun tí mo ń wò nínú ti Barcelona ni iye yẹn, 10,101. Wọ́n kà á. Èmi fẹ́ kí Èkó náà kà á ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kó sì fi gbèdéke sí iye tó lè wà nínú ilé kan. Opó tó ń fi yàrá ẹ̀yìnkùlé gba àlejò kí ó fi jẹun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó ra odindi ilé fún un. Òfin 2011 pàápàá yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ibi tí owó ti pọ̀ jù.

Kí ni kí n ṣe báyìí?

Má tíì sanwó fún éjẹ́ǹtì kankan. Wo àdéhùn rẹ bóyá ó sọ iye oṣù kúìtì. Bí kò bá sọ ọ́, ka oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ tí wọ́n fún ọ níwèé. Bí lánlọ́ọ̀dù bá fẹ́ fipá lé ọ ṣáájú ìgbà yẹn, lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, tó ń làjà láàárín onílé àti ayálégbé láìgba kọ́bọ̀. Kó gbogbo rìsíìtì owó ilé rẹ dání.