Bí ọ̀rá àpọ̀jù ṣe ń ba kíndìnrín jẹ́ láìpariwo

Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń gba inú kíndìnrín méjèèjì kọjá. Asẹ́ tíntìntín tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lójúmọ́, àwọn asẹ́ yìí ń sẹ́ omi tó tó lítà 180 látinú ẹ̀jẹ̀. Ara á gba èyí tó pọ̀ jù padà, lítà kan sí méjì péré ló ń di ìtọ̀. Kí wọ́n tó bí ọmọ ni iye asẹ́ rẹ̀ ti pé. Òmíràn kì í hù mọ́.

Bí ènìyàn bá wá ń sanra sí i, ara tóbi, ṣùgbọ́n asẹ́ kò pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, asẹ́ kọ̀ọ̀kan á wú, á sì máa ṣiṣẹ́ àṣekún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó na ọwọ́ bí ìka, tí wọ́n di òpójẹ̀ inú asẹ́ mú, tí kì í jẹ́ kí púrótíìnì bá omi jáde. Sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í bí irú ara wọn láti dí àlàfo. Bí asẹ́ bá ti ń fẹ̀, àwọn náà á máa nà, títí díẹ̀ nínú wọn á fi já bọ́. Ojú ibẹ̀ ni albumin, ọ̀kan lára púrótíìnì inú ẹ̀jẹ̀, á ti máa jò sínú ìtọ̀. Nígbà tó bá yá, àpá á bo asẹ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ á sì di ẹrù àwọn tó kù.

Ibi tí ọ̀rá jókòó sí ṣe pàtàkì ju iye tí òṣùwọ̀n bá kà lọ. Ọ̀rá inú ikùn kì í dákẹ́: ó ń tú èròjà tó ń mú ara gbóná lábẹ́lẹ̀, ó ń mú kí ínsúlíìnì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ó sì ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ mú. Èyí tó yí kíndìnrín fúnra rẹ̀ ká tún ń fún un mọ́ra. Báyìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ṣe ń wọlé, àwọn méjì tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ. Ẹni tó sanra tí méjèèjì kò tíì mú sàn ju ẹni tí wọ́n ti mú lọ, òótọ́ ni. Síbẹ̀ ewu tirẹ̀ ṣì ju ti ẹni tí kò sanra lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tan ara rẹ̀.

Àyẹ̀wò náà lè tanni. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ sí, bí iye náà bá sì wà lábẹ́ mílílítà 60 ní ìṣẹ́jú kan fún oṣù mẹ́ta, àìsàn ti fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí asẹ́ ń ṣe àṣekún, iye yẹn máa ń ga, á dà bí ẹni pé ara le. Ìtọ̀ ló ń tú àṣírí: bí albumin inú rẹ̀ bá ti tó míligíráàmù 30 sí gíráàmù creatinine (ìdọ̀tí láti inú iṣan ara tó ń bá ìtọ̀ jáde) kan, asẹ́ ti ń jò. Ó yẹ kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀ fún ẹni tó bá sanra.

Asẹ́ tó ti di àpá kì í jí, àmọ́ jíjò lè dín kù bí ènìyàn bá fọn. Oògùn kan tó ń jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde ń dín ipá ẹ̀jẹ̀ nínú asẹ́ kù. Àwọn kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024 lórí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín, semaglutide, oògùn àtọ̀gbẹ àti ìsanra, dín àpapọ̀ ewu kíndìnrín tí iṣẹ́ rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an tàbí tó dẹnu kọlẹ̀ àti ikú tó jẹ mọ́ kíndìnrín tàbí ọkàn kù ní ìdá 24 nínú 100. Ìpayà máa ń bá ọ̀pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ irú oògùn báyìí, nítorí iye ìsẹ́ máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àṣekún ni asẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.