Kí fayolín tó ṣeé gbọ́, gìtá gbọ́dọ̀ yẹ̀: ẹ̀kọ́ inú «Synthesis»

Àwọn oníbàárà mi ní sitúdíò a máa ní, "Bọ̀dá, ẹ bá wa fi fayolín sórí orin yìí, kó lè rinlẹ̀." Gìtá oníná sì ti kún orin náà dẹ́nu. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ gbọ́ Synthesis ná, àwo tí ẹgbẹ́ Evanescence láti Arkansas, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2017. Orin rọ́ọ̀kì olókùnkùn, orin ọ̀fọ̀ tí wọ́n ń pè ní gothic, ni wọ́n fi gbajúmọ̀. Púpọ̀ nínú orin 16 tó wà nínú àwo yìí ló jẹ́ orin wọn àtijọ́, tí wọ́n tún tò fún ọ́kẹ́sírà (ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń lo fayolín, fèrè àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ) àti ẹ̀rọ tó ń dá ohùn. David Campbell ló to ti ọ́kẹ́sírà.

Ohùn tó lọ sílẹ̀ jù lórí gìtá ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti sẹ́lò, ẹ̀gbọ́n fayolín tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, bíi 65. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Gìtá rọ́ọ̀kì tí ohùn rẹ̀ ti ha kì í sì í fi àyè sílẹ̀: ó kún láti ìsàlẹ̀ dókè, kò sì ní mímí. Sẹ́lò lè máa ké títí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan. Bí ẹ bá gbé fayolín sókè sí i, etí ló máa dùn yín.

Amy Lee, akọrin Evanescence, àti àwọn èèyàn rẹ̀ dín gìtá kù gidigidi. Iṣẹ́ gìtá bọ́ sọ́wọ́ ọ́kẹ́sírà, ẹ̀rọ sì gba ìsàlẹ̀ pátápátá tí sẹ́lò ò dé. Orin tó ń jẹ́ Lacrymosa ló wù mí jù. Inú apá kan orin ìsìnkú tí Mozart, olórin ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́, ń kọ ni wọ́n ti mú un. Báà (ìwọ̀n kéékèèké tí wọ́n fi ń pín orin) mẹ́jọ péré ló kọ sínú apá yẹn kó tó kú ní 1791. Nínú àwo Evanescence ti ọdún 2006, gìtá bò ó mọ́lẹ̀. Níbí, ó mí. (Ká sòótọ́, bí ẹ bá gbọ́ gbogbo àwo náà tán lẹ́ẹ̀kan, ẹkún inú rẹ̀ lè sú yín.)

Ẹ má fi ẹnu fóònù gbọ́ ọ, kò lè gbé béèsì ẹ̀rọ yẹn. Ẹ fi íápíìsì sétí, kí ẹ gbọ́ Bring Me to Life ti 2003, lẹ́yìn náà ti 2017. Ẹ rí i pé méjèèjì ń dún dọ́gba o: èyí tó bá dún jù ni etí máa ń sọ pé ó dára jù.