Kí Ló Dé Tí Áyọ́ọ̀nù Kì Í Gbóná Lálẹ́?

Áyọ́ọ̀nù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ láàárọ̀, tí kò wá lè na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì lálẹ́, kì í sábà jẹ́ pé ó bàjẹ́. Ní Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, bí gbogbo àdúgbò bá ti tan fáànù àti fíríìjì lórí tàǹsífọ́mà kan náà, iná á lọ sílẹ̀. Kí ẹ tó kówó fún oníná (èmi náà wà lára wọn), ẹ jẹ́ ká ṣírò.

Fóòtì ni agbára tó ń ti iná. Áḿpù ni bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ọ́ọ̀mù ni ìdènà tí iná ń bá pàdé lójú ọ̀nà. Georg Ohm, ará Jámánì, ló gbé òfin yìí jáde lọ́dún 1827: ẹ fi áḿpù pín fóòtì, ìdènà lẹ máa rí. Ẹ fi áḿpù ṣe ìlọ́po fóòtì, wáàtì nìyẹn, ìyẹn bí iṣẹ́ tí iná ń ṣe ṣe pọ̀ tó.

Ká ní wọ́n kọ 230 fóòtì, 1000 wáàtì sára áyọ́ọ̀nù. 1000 tí a fi 230 pín jẹ́ áḿpù 4.35. Ẹ fi èyí pín 230, ó jẹ́ bíi ọ́ọ̀mù 53. Ìdènà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tí mítà tí àwa oníná fi ń wọn iná bá wá ka 150 fóòtì lálẹ́, ẹ fi 53 pín 150, áḿpù á já sí 2.83, wáàtì á sì jẹ́ bíi 425. Fóòtì kò tíì dín dé ìdajì, iṣẹ́ ti dín kọjá ìdajì, nítorí pé agbára tó ń ti iná dín, iná tó ń ṣàn náà sì dín.

Áyọ́ọ̀nù kò ní kú sí i. Fíríìjì ni kí ẹ yọ: bí fóòtì bá kéré jù, mọ́tọ̀ rẹ̀ lè má lè yí, á wá máa fa áḿpù rẹpẹtẹ títí á fi jóná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọ̀n ọ́n fúnra yín, fóòtì nìkan ni kí ẹ wọ̀n ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má ki mítà tí ẹ ti yí sí áḿpù bọ̀ ọ́ láé. Ìdènà inú mítà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nígbà yẹn. Ẹ fi òfin Ohm wò ó: bí ìdènà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, áḿpù tó máa ṣàn á pọ̀ kọjá ààlà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dẹ̀. Kẹ́tùlù 2000 wáàtì ń fa bíi áḿpù 8.5. Bí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ní ìdènà ìdajì ọ́ọ̀mù péré, fóòtì 4 àti díẹ̀ á ṣòfò níbẹ̀, wáàtì 36 á sì máa gbóná lójú kan. Irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, èyí tó kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníbàárà á ní, “Brọ̀dá, ó ṣáà ṣì ń se omi.” Bẹ́ẹ̀ ni, omi á hó, kò sẹ́ni tó máa fura. Tí omi bá ti hó, ẹ pa sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Bó bá gbóná débi tí ẹ kò lè dì í mú, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, ẹ má tíì ra kẹ́tùlù tuntun ní Dùgbẹ̀.