Ìdìbò àti ìpolówó ọjà nínú ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn irú ọkọ̀ kan, tàbí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan, tàbí ọkọ̀ ayé àtijọ́, tí wọ́n ń san owó ọdọọdún kí wọ́n lè jọ wà á kiri, kí wọ́n jọ tún un ṣe, kí wọ́n sì jọ gbé e lọ síbi ìpàtẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, MG Car Club ti wà láti 1930. Ní Amẹ́ríkà, Antique Automobile Club of America bẹ̀rẹ̀ ní Philadelphia ní 1935, Sports Car Club of America ní Boston ní 1944, Porsche Club of America ní agbègbè Washington ní 1955, BMW Car Club of America náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Boston ní 1969. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ló ń darí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà gba owó oṣù. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn wà níbòmíràn, alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ti ẹgbẹ́.

Ohun méjì ló sábà ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín ìgbìmọ̀ àti ọmọ ẹgbẹ́: ta ni yóò wà nípò, àti ọjà ta ni ẹgbẹ́ yóò bá a polówó. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ọ̀tọ̀ ni ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Àmọ́ inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ni méjèèjì ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni olùdíje ti ń tọrọ ìbò, ibẹ̀ náà ni oníṣòwò ti ń ra àyè, ọwọ́ ìgbìmọ̀ kan náà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà.

Òfin tó dè wọ́n

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àjọ tí kì í pín èrè. Òfin ìpínlẹ̀ ló ga jù, ìwé ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni òfin tí ẹgbẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ohun tí òfin ẹgbẹ́ kò bá dárúkọ, wọ́n sábà máa ń wò ó nínú Robert's Rules of Order, ìwé ìlànà ìpàdé tí Henry Martyn Robert, ọ̀gá sójà tó jẹ́ ẹnjiníà, tẹ̀ jáde ní 1876. Ní 1863, wọ́n ní kí Robert darí ìpàdé kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní New Bedford, Massachusetts. Ìpàdé náà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ojú sì tì í débi pé ó pinnu pé òun kò ní darí ìpàdé mọ́ láìjẹ́ pé òun kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ kan náà ṣe ń jiyàn lórí irú ọ̀dà tó yẹ kó wà lára rẹ̀ yóò mọ̀ pé ìwé náà kò ní pẹ́ rí iṣẹ́ ṣe láàárín wọn.

Ìdìbò

Ààrẹ, igbákejì ààrẹ, akọ̀wé àti akápò kì í wọ́n nínú ìgbìmọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri tún máa ń ní aṣojú agbègbè; nínú Sports Car Club of America, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan ẹni tí yóò ṣojú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í pààrọ̀ gbogbo ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan á kúrò lọ́dún yìí, apá kejì á kúrò lọ́dún tó ń bọ̀, kí gbogbo ẹni tó mọ ibi tí ìwé báǹkì wà má baà lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọ̀nà méjì ni orúkọ fi ń dé orí ìwé ìdìbò. Ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń wá olùdíje lè fa ẹnì kan kalẹ̀, tàbí kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá a lábàá fúnra wọn, yálà nínú ìpàdé tàbí nínú ìwé tí iye ènìyàn kan fọwọ́ sí. Ìlànà Robert sọ pé kò yẹ kí ààrẹ yan àwọn tí yóò wà nínú ìgbìmọ̀ kékeré yìí, kò sì yẹ kí òun náà jókòó níbẹ̀, kí ẹni tó wà lórí oyè má baà fọwọ́ ara rẹ̀ yan àrólé. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà gbà kí ọmọ ìgbìmọ̀ kékeré náà di olùdíje. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó rọrùn jù láti yọ alátakò kúrò nínú ìdíje ni kí wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ tó ń wá olùdíje.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ìjà dupò, àìrí ẹni dupò ni. Bí olùdíje kan ṣoṣo bá wà fún ipò kan, alága lè kéde pé ó ti wọlé láìdìbò. Àmọ́ bí òfin ẹgbẹ́ bá sọ pé ìbò ìkọ̀kọ̀ ni wọn yóò dì, wọ́n gbọ́dọ̀ dì í, kódà kó jẹ́ orúkọ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, nítorí ọmọ ẹgbẹ́ ṣì lè fọwọ́ kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i. Àwọn akápò kan ń pẹ́ nípò báyìí, kì í ṣe pé wọ́n jókòó ti oyè. Ẹni tí yóò gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ wọn ni kò yọjú.

Ní ti kíka ìbò, ohun tí Robert béèrè ni pé kí ìbò ẹni tó wọlé ju ìdajì lọ. Bí olùdíje mẹ́ta bá pín ìbò mọ́ra wọn lọ́wọ́, tí kò sẹ́ni tó kọjá ìdajì, ńṣe ni wọ́n á tún un dì. Èyí rọrùn fún àwọn tó jókòó sínú yàrá kan. Ẹgbẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wà láti Maine dé Kalifọ́níà, tó ń fi lẹ́tà tàbí íntánẹ́ẹ̀tì dìbò, yóò ná owó àti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sórí àtúndì. Ìdí nìyí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lè kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé, ì báà má dé ìdajì.

Òfin Kalifọ́níà lórí àjọ tó wà fún àǹfààní àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe àlàyé púpọ̀ lórí ìdìbò. Ìkéde ìpàdé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú, kó má sì ju ọjọ́ 90 lọ. Bí òfin ẹgbẹ́ kò bá sọ iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣe ìpinnu, ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò tó wà ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìdìbò lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù 9 láti fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Òfin yìí kan náà wọ inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ lọ. Bí ẹgbẹ́ bá tẹ ọ̀rọ̀ tó ń wá ìbò fún olùdíje kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn olùdíje yòókù ní àyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, nínú ẹ̀dà kan náà, níbi tó hàn sójú tó bẹ́ẹ̀. Bí iye olùdíje bá sì ti ju iye ipò lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ná owó ẹgbẹ́ láti fi ti olùdíje kan lẹ́yìn láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i. Olóòtú ni èyí ń kó sí wàhálà jù. Ọ̀rọ̀ tí ààrẹ ń kọ síwájú ìwé ìròyìn lóṣooṣù kì í ṣe ìpolongo, ṣùgbọ́n bí ààrẹ náà bá ń dupò padà, tó wá ń ka iṣẹ́ tó ti ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ni alátakò rẹ̀ yóò pè é? Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn ni kí olùdíje kọ̀ọ̀kan ní iye ọ̀rọ̀ kan náà àti fọ́tò kan, kí wọ́n sì tò wọ́n bí lẹ́tà orúkọ wọn ṣe tẹ̀léra.

Ìwé orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà wà láàárín ìdìbò àti ọjà. Olùdíje fẹ́ ẹ kó lè kọ̀wé sí àwọn olùdìbò. Oníṣòwò fẹ́ ẹ kó lè tajà. Ní Kalifọ́níà, ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ìdí tó bá jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mu lè kọ̀wé béèrè fún un, kí wọ́n sì jẹ́ kó wò ó lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ 5. Ẹgbẹ́ sì lè fi ọ̀nà mìíràn lọ̀ ọ́, bíi kí ẹgbẹ́ bá a fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n dúkìá ẹgbẹ́ ni ìwé orúkọ náà. Láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ gbà, kò sẹ́ni tó lè lò ó fún òwò tàbí kó tà á.

Ìpolówó

Ìwé ìròyìn Panorama ti ń jáde láti 1955 fún Porsche Club of America. BMW Car Club of America ní Roundel. Títẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti fífi í ránṣẹ́ gbówó lórí, owó onípolówó ló sì ń bá wọn gbé lára ẹrù náà. Àwọn tó ń ra àyè kò jìnnà sí ọkọ̀: àwọn tó ń ta táyà àti ẹ̀yà ara ọkọ̀, mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà dunjú, ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì ọkọ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn ìwé, níta, ni àyè tó wọ́n jù. Ìpolówó kéékèèké tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń ta ọkọ̀ tàbí rímù rẹ̀ wà lápá kan; The Mart ni wọ́n ń pè é nínú Panorama. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣí.

Bí iṣẹ́ bá ń lọ bó ṣe yẹ, ìgbìmọ̀ ló ń ṣòfin lórí iye owó àti irú ọjà tí wọn kò ní gbà, olóòtú tàbí ẹni tó ń rí sí ìpolówó ló sì ń mú un ṣẹ. Ọ̀rọ̀ máa ń di ariwo nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ń dá sí ìpolówó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní oníṣòwò kan ti sanwó ẹ̀yìn ìwé fún ọdún kan gbáko, tí ọmọ ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì wá kọ àpilẹ̀kọ pé ẹ̀yà ọkọ̀ tí oníṣòwò náà ń tà kì í pẹ́ fọ́. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Olóòtú tó bá tẹ̀ ẹ́ lè pàdánù onípolówó, èyí tó bá sì gbé e pamọ́ yóò rí ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ọdọọdún, níbi tí ìdìbò wà.

Ó tún lè jẹ́ pé ọmọ ìgbìmọ̀ gan-an ló ni ṣọ́ọ̀bù. Èyí kì í ṣe ohun àjèjì, nítorí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ jù ló sábà ń fi í ṣòwò. Robert sọ pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kan yóò mú owó wọlé fún lọ́nà tí kò kan àwọn yòókù kò yẹ kó dìbò lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè fipá dá a dúró. Ní Kalifọ́níà, ẹni tó bá ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lè sọ gbogbo bó ṣe jẹ́ jáde, kí àwọn tó kù fọwọ́ sí àdéhùn náà láìka ìbò tirẹ̀ mọ́ ọn.

Owó orí

Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ka púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí sí ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ tó wà lábẹ́ apá 501(c)(7) nínú òfin owó orí. Owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san kò ní owó orí nínú. Láti ìgbà òfin 1969, owó tó bá ti ìta wọlé ní i. Òfin 1976 wá fi ààlà sí i: owó ìta kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé lọ, èyí tó wá láti ọ̀dọ̀ ará ìta tó ń lo ohun èlò tàbí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 15 lọ. Ẹgbẹ́ tí 200,000 dọ́là ń wọlé fún lọ́dún ní láti máa ṣọ́ra bí owó ìta bá ń sún mọ́ 70,000. Wọ́n máa ń yọ ìnáwó àti 1,000 dọ́là kúrò nínú èrè náà kí wọ́n tó ṣírò owó orí, tó ti jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2018. Torí náà, akápò tó bá ń sọ pé ìpolówó ti pọ̀ jù lè má ní nǹkan kan lòdì sí ọjà náà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ń ṣọ́ wọn. Ìwé ìròyìn tó bá ń lo owó ìfìwéránṣẹ́ tó dínkù, èyí tí wọ́n ṣètò fún ìwé ìròyìn, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìpolówó ju ìdá 75 lọ nínú èyí tó ju ìdajì àwọn ẹ̀dà tó jáde láàárín oṣù 12. Àpilẹ̀kọ tí wọ́n bá gbowó lé lórí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìpolówó ni. Òfin yìí ti wà láti 1912.

Ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀

MG Car Club fi hàn bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí nígbà tí ẹni tó ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà gan-an. John Thornley, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ tó sì jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, wọ iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon ní 1931. Ní 1952 ó di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ jọ rìn fún ọdún púpọ̀, ìwé ìròyìn Safety Fast! sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1959. Nígbà tí British Leyland, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá tí MG wá bọ́ sí abẹ́ rẹ̀, dé ní 1968, ìrànlọ́wọ́ náà dópin láàárín ọdún díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀wádún náà, ẹgbẹ́ sì di òmìnira. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ tó wà ní Abingdon pa ní 1980. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, Safety Fast! sì ṣì ń jáde.