Ẹgbẹ́ Àgbáyé fún Ìtàn Àwọn Ẹ̀sìn (IAHR)

Ẹgbẹ́ Àgbáyé fún Ìtàn Àwọn Ẹ̀sìn, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IAHR, ni ẹgbẹ́ tí ó so àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ẹ̀sìn pọ̀ káàkiri ayé. Ìlú Amsterdam ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1950. Àwọn ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè àti ti ẹkùn ni ó para pọ̀ di IAHR, nítorí náà ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ tirẹ̀ ni onímọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gbà wọlé. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe àpérò ńlá.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Àpérò ti wà kí ẹgbẹ́ tó wà. Wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ní Paris ní ọdún 1900, lẹ́yìn náà ní Basel (1904), Oxford (1908) àti Leiden (1912). Ogun Àgbáyé Kìíní dá ìpàdé náà dúró, kò sì tún wáyé títí di ọdún 1929 ní Lund. Lẹ́yìn ti Brussels ní 1935, ogun kejì tún gbé e sẹ́yìn títí di ti Amsterdam ní 1950, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Gerardus van der Leeuw, ará Nẹ́dálándì, ni wọ́n fi jẹ ààrẹ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó kú kí ọdún 1950 tó parí. Raffaele Pettazzoni ará Ítálì ni ó rọ́pò rẹ̀ títí tí òun náà fi kú ní 1959. Ní ìgbà tirẹ̀ ni ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ náà, Numen, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1954.

Àríyànjiyàn lórí ète ẹgbẹ́

Ní 1958 ni àpérò náà kọ́kọ́ jáde kúrò ní Yúróòpù, nígbà tí wọ́n ṣe é ní Tokyo. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní Marburg ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀rọ̀ kan tí ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́ bọ́ sí gbangba: ṣé kí ẹgbẹ́ náà máa ṣiṣẹ́ fún ìrẹ́pọ̀ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn, àbí kí ó dúró lórí ìwádìí nìkan? Friedrich Heiler, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Marburg, gbà pé ẹ̀kọ́ ìtàn ẹ̀sìn lè la ọ̀nà fún ìṣọ̀kan àwọn ẹ̀sìn. Zwi Werblowsky, ẹni tí ó wá láti Jerúsálẹ́mù, ni ó kọ àkọsílẹ̀ tí ó ta ko èrò yìí, tí ó sì sọ pé ìmọ̀ nìkan ni ó yẹ kí ó jẹ́ ète ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ńlá fọwọ́ sí i, Mircea Eliade sì wà lára wọn. Ipa tí àkọsílẹ̀ náà ní lórí ẹgbẹ́ kò kéré, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí ẹlẹ́sìn àti ẹni tí kò lẹ́sìn lè jókòó sí tábìlì kan náà láìsí pé ẹnì kan ń wàásù fún ẹnì kejì.

Lẹ́yìn èyí, àpérò náà dé Claremont ní Amẹ́ríkà ní 1965, Winnipeg ní Kánádà ní 1980, àti Sydney ní 1985. Annemarie Schimmel, onímọ̀ nípa ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ ààrẹ, láti 1980 sí 1990.

Ilẹ̀ Áfíríkà

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1949, nígbà tí Geoffrey Parrinder, onímọ̀ ẹ̀sìn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìbàdàn lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Bọ́lájí Ìdòwú, tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí Olódùmarè gbajúmọ̀, wà lára àwọn tí ó mú ẹ̀ka náà gbilẹ̀, ìwé àtìgbàdégbà Orita sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1967. Ó dà bí ẹni pé èyí ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ láàárín àwọn aṣáájú nígbà tí ọ̀nà ṣí fún Áfíríkà nínú IAHR.

Harare ní Sìmbábúwè ni ọ̀nà náà ti ṣí, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992. IAHR ṣe àpérò ẹkùn níbẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tí ó péjọ sì ti dá Ẹgbẹ́ Áfíríkà fún Ẹ̀kọ́ nípa Àwọn Ẹ̀sìn, AASR, sílẹ̀. Jacob Olúpọ̀nà, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà, wà lára àwọn olùdásílẹ̀, ó sì jẹ ààrẹ ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jan Platvoet láti Nẹ́dálándì bá wọn ṣe iṣẹ́ púpọ̀. AASR gba àwọn onímọ̀ tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lókè òkun, bí iṣẹ́ wọn bá ti jẹ mọ́ ẹ̀sìn Áfíríkà, ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Ní 1995, ní Mexico City, IAHR gbà á wọlé. Lára àwọn àpérò tí AASR fúnra rẹ̀ ṣe ni ti Yunifásítì Egerton ní Njoro, ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní 2012.

Ọdún 2000 ni àpérò ńlá IAHR kọ́kọ́ wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní Durban ní Gúúsù Áfíríkà. Rosalind Hackett, tí ó ti gbé Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún tí ó sì ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹ̀sìn ìlú Calabar, ni ó jẹ ààrẹ IAHR láti 2005 sí 2015. Ní àpérò Erfurt ní 2015, wọ́n yan Afe Adogame, ọmọ Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ dá lórí Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá, tí Samuel Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ tí ó di Benin lónìí, ní 1947.

Àrùn kòrónà kò jẹ́ kí àpérò tí wọ́n fẹ́ ṣe ní New Zealand ní 2020 wáyé. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ti Kraków ní ilẹ̀ Pólàńdì, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025.