Irúgbìn tí kì í jẹ̀bi: bí ìwàásù aásìkí ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìwàásù aásìkí kì í fi owó bẹ̀rẹ̀. Ìlérí ló fi ń bẹ̀rẹ̀: pé Ọlọ́run ti ya ọrọ̀ àti ìlera sọ́tọ̀ fún gbogbo onígbàgbọ́, àti pé ẹni tó bá gbà á gbọ́, tó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀, ni yóò rí i gbà. Ẹ̀kọ́ ìjẹ́wọ́ ẹnu yìí ti wà nínú ìwé E. W. Kenyon, oníwàásù ará Amẹ́ríkà tó kú ní 1948, kí Kenneth Hagin, oníwàásù ará Amẹ́ríkà mìíràn, tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Oral Roberts, oníwàásù orí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ló wá fi irúgbìn kún un: ọrẹ téèyàn bá mú wá, irúgbìn ni, Ọlọ́run á sì mú ìkórè rẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn yìí ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Bí èèyàn bá fún aláìní lówó, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àgbẹ̀ kì í gbìn kó má retí. Ẹni tó fi owó ilé rẹ̀ gbin irúgbìn kò gbà pé òun náwó, òjò ló ń dúró dè. Bí owó náà bá sì ṣe ni í lára tó ni wọ́n máa ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Abájọ tí ìwàásù náà fi ń mú tálákà ju olówó lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìjẹ́rìí. Ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn gbin irúgbìn lọ́jọ́ kan náà. Kí ọdún tó yí po, àwọn kan á ríṣẹ́, ẹlòmíì á rí owó tó ti sọ̀rètí nù lórí ẹ̀ gbà, yálà wọ́n gbìn tàbí wọn ò gbìn. Àwọn yẹn ni wọ́n máa pè síwájú ìjọ.

Ẹni tí ìkórè rẹ̀ kò dé ńkọ́? Wọ́n á ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, tàbí pé ó fi ẹ̀ṣẹ̀ kan pa mọ́, tàbí pé irúgbìn rẹ̀ kò tó ohun tó ń béèrè. Bó bá ṣẹ, ẹ̀kọ́ náà ló ṣẹ. Bí kò bá ṣẹ, ẹni tó gbìn ló jẹ̀bi, kó lọ tún gbìn. Ibí yìí ló ń kọ ọ̀pọ̀ Kristẹni lóminú ju ọkọ̀ olówó ńlá pásítọ̀ lọ: ẹni tó pàdánù owó ló tún ń ru ẹ̀bi. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta sọ fún un náà nìyẹn, àwọn sì ni Ọlọ́run bínú sí ní orí 42. (Àwọn oníwàásù aásìkí fẹ́ràn ìlọ́po méjì tí Jóòbù gbà níkẹyìn. Irúgbìn tó gbìn kó tó gbà á ni kò sí níbẹ̀.)

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ń lò pọ̀. 3 Jòhánù 2 tí wọ́n sọ di ìlérí ọrọ̀ àti ìlera, ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ni. Ìdámẹ́wàá inú Málákì 3:10 sì wà kí oúnjẹ lè wà nínú ilé Ọlọ́run.

Ní 2010, àpérò Lausanne, ìpàdé àwọn Kristẹni ajíhìnrere láti káàkiri ayé, ní Cape Town sọ pé agbára ìyanu Ọlọ́run kì í ṣe ohun tí ọgbọ́n èèyàn ń darí bó ṣe wù ú. Wọn ò sọ pé Ọlọ́run kì í ṣe ìyanu, wọn ò sì sọ pé òṣì dára. Kò sẹ́ni tó ka àdúrà iṣẹ́ léèwọ̀.

Ta ló ń rí ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń gbà? Sẹ́nétọ̀ Chuck Grassley béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìwàásù mẹ́fà ní Amẹ́ríkà ní 2007; nígbà tí ìwádìí náà parí ní 2011, mẹ́rin nínú wọn ò tíì dáhùn délẹ̀, kò sì sí ìjìyà kankan. Nínú 2 Kọ́ríńtì 8, Pọ́ọ̀lù náà ń gba owó jọ. Òun nìkan kọ́ ló gbé e: ó ní kí àwọn mìíràn bá Títù lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fẹ̀sùn kan àwọn. Àwọn aláìní tó wà ní Jerúsálẹ́mù ló ni owó náà.