Train Simulator wo ni kéèyàn rà? Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ DLC

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wa réluwé lórí kọ̀ǹpútà, tó wá wọ Steam, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ta géèmù kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé òun fẹ́ ra géèmù, orúkọ tó jọra ló máa kọ́kọ́ pàdé: Train Simulator Classic, Train Sim World 4, Train Sim World 5, Train Sim World 6, Dovetail Games ló dẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ó máa rò pé géèmù kan náà ni wọ́n ń tún ṣe lọ́dọọdún, kóun ṣáà mú èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ ga jù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o. Géèmù méjì ló wà níbẹ̀, ohun tẹ́ẹ bá dẹ̀ rà fún ọ̀kan ò lè ṣiṣẹ́ nínú ìkejì.

Classic ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 2009 ló jáde, RailWorks ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, ó di Train Simulator 2012, ó di 2013, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ kí wọ́n tó wá pè é ní Classic, àmọ́ géèmù kan náà ni látìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ní i lórí Steam, ọ̀fẹ́ ló ń gba ti ọdún tuntun. Windows nìkan ló ń lò. Train Sim World ní tiẹ̀ jáde lọ́dún 2017, inú ẹ̀ lẹ ti lè fẹsẹ̀ rìn lórí pèpéle, kẹ́ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ẹ jókòó sídìí ọkọ̀, ó dẹ̀ wà lórí PlayStation àti Xbox.

Nọ́ńbà tó wà lára Train Sim World wá ńkọ́? Ohun méjì ló ń sọ: àwọn nǹkan tuntun tí géèmù lè ṣe, bíi iṣẹ́ kọndọ́kítọ̀ tó dé nínú 5, àti àwọn ojú irin tí wọ́n dì mọ́ ọn. 4 ní Peterborough sí Doncaster nínú, 5 ní London Euston sí Milton Keynes. Èyí tó pọ̀ jù nínú ojú irin tẹ́ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ máa ń bá yín wọnú nọ́ńbà tuntun, torí náà ẹni tó ti ní 4 tí ojú irin tó wà nínú 5 ò wù ú, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ sáré.

DLC ni kókó. DLC ni ohunkóhun tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé géèmù fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́, bóyá ojú irin kan láti ìlú kan sí òmíì, bóyá ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo. Ibẹ̀ lowó ń lọ, kì í ṣe ara géèmù. Ẹ wo ojú irin London sí Faversham tí ọkọ̀ Javelin ń sá 225 km/h lórí ẹ̀: ó wà fún Classic, ó wà fún Train Sim World, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ ka orúkọ tó wà níwájú ẹ̀ lè ra èyí tí ò bá géèmù ẹ̀ mu. Èyí tẹ́ẹ bá sì rà lórí PlayStation ò ní tẹ̀ lé yín dé Steam. Àwọn tó ń lo Classic, ẹ tún ṣọ́ra fún ìrìn àjò ọ̀fẹ́ tó wà nínú Workshop, ìyẹn ibi tí àwọn tó ń ṣeré máa ń gbé ohun tí wọ́n ṣe fúnra wọn sí lórí Steam, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló nílò DLC mẹ́ta mẹ́rin míì kó tó ṣí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ dáadáa.

Èmi o, ojú irin ni mo ní kéèyàn kọ́kọ́ yàn, kó tó wo nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ ká ní ti Jámánì lẹ fẹ́, tí PZB dẹ̀ wù yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ awakọ̀. Tẹ́ẹ bá kọjá iná tó ń kìlọ̀ pé pupa ń bọ̀, mágnẹ́ẹ̀tì 1000 Hz tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin máa mú yín, láàárín sẹ́kọ́ǹdù 4 ẹ gbọ́dọ̀ ti tẹ bọ́tìnnì pé ẹ rí i, tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ èrò tó ń sáré, eré yín gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ sí 85 km/h láàárín sẹ́kọ́ǹdù 23, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ búréèkì pàjáwìrì á gbá ọkọ̀ dúró. Kò sí nǹkan tó dùn tó o! Àmọ́ nínú Classic, àwọn ọkọ̀ kan ní i pé pérépéré, àwọn míì kàn ní díẹ̀ nínú ẹ̀, DLC tẹ́ẹ rà ló máa sọ.

Tẹ́ẹ bá ra DLC lórí Steam, ẹ ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an kẹ́ẹ wò ó bó ṣe ń sá lórí kọ̀ǹpútà yín, torí wọ́n máa ń dá owó padà tí ò bá tíì pé ọjọ́ 14, tẹ́ ò dẹ̀ tíì fi géèmù yẹn ṣeré tó wákàtí 2 látìgbà tẹ́ẹ ti rà á.